Bí Ìyàwó Mi Káfíntà Ṣe Gba Apá Rẹ̀ Padà

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ìyàwó mi sì ni káfíntà. Bí àwọn èèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n á rò pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ni káfíntà, ìyàwó yín ni télọ̀, àbí?" Màá ní rárá o, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ló rí. Èmi ni mò ń fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka, òun ló ń fi òòlù bá ìṣó wí.

Ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó lè kan tábìlì, ó lè kan bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló mọ̀ ọ́n kàn jù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bàbá náà ò bí ọkùnrin, ó sì ní òun ò ní jẹ́ kí ayùn òun dípẹtà nítorí ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kan tábìlì tí màá máa gé aṣọ lórí rẹ̀. Ìsọ̀ mi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí tábìlì parí, mo lọ wá ọkùnrin méjì tó máa gbé e. Kí n tó mú wọn dé, ó ti gbé e lé èjìká, ó ti gùn ún dé òkè. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi, tábìlì ṣì wà léjìká rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá télọ̀, ibo ni kí n gbé e sí? Àbí ká jọ máa wo ara wa?"

Mo wò ó títí. Láti ìgbà náà la ti jọ ń wo ara wa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọn apá rẹ̀ fún ẹ̀wù, mo tún un wọ̀n, nítorí mo rò pé tépù ló parọ́. Apá rẹ̀ nípọn ju tèmi lọ fíìfíì. Kò sí ẹ̀wù tí wọ́n rán tà tó gba apá yẹn, èmi nìkan ni mo lè rán tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bí ìjà bá dé, abẹ́ tábìlì ni télọ̀ máa sá sí, ìyàwó rẹ̀ ló máa jáde. Mo ní òótọ́ ni. Ẹni tó ti rí ẹni gbèjà rẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ ṣe? Tí àlejò bá wà nílé, ìyàwó mi á rọra pè mí ní "Bàbá Ọmọ Mi, ẹ jọ̀ọ́." Tó bá ti ku àwa méjì, "ìwọ télọ̀ yìí" ni.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni, ó ti dàgbà, ó ń wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé ikùn ìyá òun ń yọ. Ìyàwó mi ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gáàsì ni. Àwọn obìnrin àdúgbò ń bi í pé, "Káfíntà, ṣé kì í ṣe pé ẹ tún fẹ́ bí àbúrò fún ọmọ yín?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun tú ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ òun kó lè fẹ̀. Mo tú u. Kò pẹ́, ó tún gbé e dé. Mo tún tú u. Tó bá jókòó sídìí oúnjẹ, á fẹnu kàn án díẹ̀, á ní òun ti yó. Ẹni tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, kéèyàn má fi abọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ síbì kan ni, á ti jẹ ẹ́ mọ́ tirẹ̀!

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tó ta mí lólobó kì í ṣe ikùn yẹn, apá ni. Mo ń rán ẹ̀wù tuntun fún un, mo sì fi ìwọ̀n tí mo ti há sórí láti ọjọ́ pípẹ́ gé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, ẹ̀wù náà há mọ́ ọn níkùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo mú tépù, mo wọn apá rẹ̀. Mo tún un wọ̀n.

"O ti rù," mo ní.

"Irọ́ ni. Mo gun ìwọ̀n nílé oògùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni mo wà."

"Ikùn ló ń tan ìwọ̀n jẹ. Wo apá ẹ."

Ó wo apá rẹ̀. Ó ká a, ó nà án, ó tún ká a. Ó wá ní òun ti rí i pé ilẹ̀kùn ń wúwo sí i lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, òun sì rò pé pákó ni kò gbẹ dáadáa.

Ìyẹn ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó gbà wá jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán inú ara rẹ̀, wọ́n fa omi díẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí a padà lọ gbọ́ èsì, dókítà sún àga rẹ̀ mọ́ wa.

"Ìyá, jẹjẹrẹ ni," ó ní. "Ilé ẹyin ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹyin obìnrin máa ń wà, ó sì ti ràn ká inú ikùn. Omi tó ń jọ síbẹ̀ ló jẹ́ kí ikùn yín máa wú."

Ìyàwó mi ò mira. Ó ní, "Ṣé ó máa pa mí ni?"

Dókítà ò tàn án jẹ. Ó ní àìsàn tó le ni, òun ò sì lè búra pé ibi báyìí ló máa já sí, ṣùgbọ́n oògùn wà, iṣẹ́ abẹ sì wà. Ó wá yí àwòrán kan sí wa, ó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn.

"Ẹ wo ibí yìí. Iṣan nìyí, ìyẹn ẹran líle tí a fi ń dìde, tí a fi ń gbé nǹkan. Tiyín ti ń dín kù, omi inú ikùn ni kò jẹ́ kó hàn lórí ìwọ̀n. Ohun tí a ti rí lára ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àwọn tí iṣan wọn bá ń yọ́ bí a ṣe ń tọ́jú wọn, oògùn máa ń bá wọn fínra jù. Nígbà míì a ó ní láti dín oògùn kù, tàbí ká dá a dúró, àìsàn á sì ráyè. Àwọn tí tiwọn ò bá yọ́, púpọ̀ nínú wọn ló máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó kù lọ. Mi ò sọ pé iṣan nìkan ló ń pinnu o. Bí jẹjẹrẹ bá burú jù, òun fúnra rẹ̀ á máa jẹ iṣan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ yìí, ọ̀kan tí ọwọ́ ẹ̀yin gan-an lè tó nìyẹn."

Ìyàwó mi wo àwòrán náà bó ṣe máa ń wo pákó kó tó rà á. "Èyí tó ti lọ, ṣé ó lè padà?"

"Ó ṣòro kó padà nígbà tí oògùn bá ń lọ lọ́wọ́. Ká má jẹ́ kí èyí tó kù lọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí a dé ìta ló tó di ọwọ́ mi mú. Bó ṣe dì í mú ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Wọ́n ní oògùn ló máa ṣáájú kí jẹjẹrẹ náà lè sún kì, iṣẹ́ abẹ á tẹ̀ lé e, oògùn á sì tún parí rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa omi inú ikùn rẹ̀ jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú dígí ní balùwẹ̀, ó pè mí. Ikùn ti lọ, ohun tó kù sì hàn kedere. Egungun èjìká yọ gángan, itan ti tẹ́ẹ́rẹ́, awọ apá rẹ̀ ń sọ̀ bí àpò tí wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ tán.

"Ìwọ télọ̀ yìí," ó ní, "ta nìyí?"

Mo fẹ́ ṣàwàdà, àwàdà ò wá. Mo ní, "Ìyàwó mi ni."

"Tún un wò dáadáa."

Mo ní mo ti wò ó dáadáa.

Oògùn náà ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun tó bá fẹnu kàn, ó ní bí ẹni ń lá ìṣó ló ń rí. Ó ń bì, ó ń sùn, irun rẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí àga, ó gbé ìdí sókè, ó padà jókòó. Ó tún gbé e, ó tún padà jókòó. Mo na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn mí." Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé tábìlì gun òkè, ara òun fúnra rẹ̀ ti wá di ẹrù tí kò lè gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kó wá sílé wa nígbà náà láti bá wa tọ́jú rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ìfẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Kí ìyàwó mi tó ní òun fẹ́ mu omi, ife ti dé ẹnu rẹ̀. Kó tó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti kó sí i lábíyá. "Sinmi, ìyàwó wa, sinmi. Ta ló ń lé ọ?"

Ilé ìwòsàn wá fi obìnrin kan mọ́ wa, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa lo ara wọn kí agbára wọn má bàa tán. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń pè é ní Ọ̀gá Dìde. Kò ga, bàtà rẹ̀ kì í dún, ẹ̀yìn ẹni lèèyàn ti máa gbọ́ ọ: "Dìde." Nígbà tó wá sílé wa, ó bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń fi ṣíbí fún ìyàwó mi lóúnjẹ. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní ṣíbí náà."

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Kó máa gbọ̀n, ìyá. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ń ṣiṣẹ́."

"Kí àwọn èèyàn wá sọ pé mo jókòó, mò ń wo aláìsàn níran?"

Ọ̀gá Dìde ò bá a jiyàn. Ó ṣàlàyé pé bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ títí, iṣan á máa yọ́ bí òrí tí oòrùn ń pa. Ó ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti wàrà ni kí wọ́n máa fún un, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, kó sì máa dìde lórí àga fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣì le. Ìyàwó mi ló wá na ọwọ́, tó gba ṣíbí náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ó ní. "Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Dókítà ní ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi lè tó nìyí. Tí ẹ bá tún bá mi ṣe é, kí ni kí n wá fi ọwọ́ mi ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi etí aṣọ nu ojú. Ó wá ní, "Tó bá jẹ́ ìyà lẹ fẹ́ kí n fi jẹ ẹ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ? Mo mọ̀ ọ́n fi jẹni dáadáa."

Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá Dìde di méjì. A máa ń gbọ́ ọ láti yàrá: "Ìyàwó wa, ẹyin kan kù o." "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yó." "Ta ló bi ọ́ bóyá o yó?"

Àga wa ti lọ sílẹ̀ jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi àkísà tó ṣẹ́ kù nísọ̀ rán tìmùtìmù mẹ́ta, mo kì wọ́n dáadáa kí wọ́n má tẹ̀, mo tò wọ́n lórí ara wọn sórí àga náà. Ìyàwó mi á jókòó téńté bí ọba, á ká ọwọ́ mọ́ àyà, á wá dìde. Mo tún rán àpò kékeré méjì, mo rọ yanrìn sí wọn nínú, ó ń gbé wọn sókè, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ọjọ́ tí oògùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò lè ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá Dìde á ní, "Lónìí, ìka ẹsẹ̀ nìkan. Ẹ mú wọn dìde." Ìyàwó mi á máa bú u lábẹ́lẹ̀, á sì máa mi ìka ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó yá, a yọ tìmùtìmù kan. Ẹ̀gbọ́n mi patẹ́wọ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. A yọ èkejì. Ọjọ́ tí a yọ ẹ̀kẹta, èmi ni mo sunkún, kì í ṣe òun.

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n tún ya àwòrán. Dókítà gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sún mọ́ ọn, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Jẹjẹrẹ ti sún kì," ó ní. "Iṣan ò dín kù. Pẹ̀lú irú oògùn tí a fún yín yìí, ìyá, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́."

Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Dìde. Obìnrin yẹn wo àwòrán náà, ó kàn ní, "Mo rí i," ó sì jáde. Ọmọ wa tó dúró níta ló wá sọ fún wa pé ó ń jó nínú kọ́rídọ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà pẹ́. Èmi àti ọmọ mi jókòó níta. Ṣùgbọ́n ó jí. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní kó gbìyànjú láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ikùn mú, ó wa eyín pọ̀, ó dúró. Àwọn obìnrin tó wà nínú wọ́ọ̀dù ń wò ó. Ọ̀kan ní, "Káfíntà, ṣé ẹ ò ní sinmi ni?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ ò gbóná."

Ó kọ́kọ́ dà bí àwàdà. Nígbà tó máa fi kúrò níbẹ̀, ìlà gígùn ló ń wà ní kọ́rídọ̀ láràárọ̀, àwọn obìnrin ń ti ọ̀pá tí wọ́n fi omi dírípù kọ́, wọ́n ń rọra wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń bú ìyàwó mi, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Mo gbé oúnjẹ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i níwájú wọn, pẹ̀lú orí pípá àti ẹ̀wù tí mo rán, ó nà ró ṣánṣán. Orí mi wú. Àwọn kan ń fi ọkọ̀ ayọ̀kẹ́lẹ́ yangàn. Èmi ní tèmi níbẹ̀.

Ó gba gbogbo oògùn tó kù pé. Wọn ò dín ọ̀kankan kù, wọn ò sún ọ̀kankan síwájú. Nígbà tí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò níkẹyìn, wọn ò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Ìyàwó mi bi dókítà pé ṣé apá òun ló lé e lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn ṣiṣẹ́, abẹ ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara yín gba gbogbo oògùn tí a fẹ́ kó gbà, ara ẹlòmíì kì í gbà á tán."

Ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fá pákó díẹ̀, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó fá a díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a lọ títí ó fi gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná aládùúgbò wa kan. Mo tẹ̀ lé e lọ, mo dúró sábẹ́ ilẹ̀kùn náà, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè kó má bàa já lù ú. Ó ní, "Ìwọ télọ̀ yìí, kúrò níbẹ̀, kí n má lọ kàn ọ́ mọ́ ọn." Ó gbé e, ó fi kọ́, ó tì í. Ilẹ̀kùn náà wọlé wẹ́rẹ́.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Ní ọdún kẹta, jẹjẹrẹ náà padà. Òun ló sọ fún mi, lórí ìjókòó ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo bú sẹ́kún, ó ní, "Ó yọ́ kẹ́lẹ́ jí apá mi nígbà àkọ́kọ́. Jẹ́ kó wá bá mi báyìí." A tún gba oògùn. Ó tún fà sẹ́yìn. Ní báyìí, oògùn oníhóró ló ń lò, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń rìn ní kọ́rídọ̀, olùkọ́ kan tó fẹ́ràn ẹ̀rín, ṣe gbogbo ohun tí Ọ̀gá Dìde ní kó ṣe, ó tiẹ̀ ṣe é ju ìyàwó mi lọ. Àìsàn náà ṣì mú un lọ. Ìyàwó mi ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́jọ́ tó gbọ́. Ó ní iṣan kì í ṣe májẹ̀mú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i pẹ̀lú èèyàn. Ṣùgbọ́n ó ní olùkọ́ yẹn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé fèrèsé ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn, ó rí oòrùn, kò sì sí ẹni tó gbé e.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní aláìsàn tuntun kan wà tí ẹ̀rù ń bà, ìyàwó mi máa ń lọ bá a jókòó. Kì í sọ fún un pé kò ní kú. Á béèrè orúkọ rẹ̀, á béèrè ohun tó jẹ láàárọ̀, á wá na apá sí i, á ní, "Má dì mí mú o. Mo kàn dúró síbí ni. Ó yá, gbéra."

Bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó wà ní ilé ìwé kan, ó ń yọ àwọn ilẹ̀kùn tó ti jẹrà, ó ń fi tuntun sí i. Ọmọ wa ló bá a fi ọkọ̀ kó wọn lọ. Ọ̀gá ilé ìwé náà pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun wá àwọn ọkùnrin tó máa ran ìyá náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyá náà ti lé gbogbo wọn padà. Mo ní kó má dààmú ara rẹ̀. Kó kàn rí i pé ọ̀nà mọ́ fún un.